Ife Ẹmu Tí Bàbá Mosún Kò Lè Gbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ mi níbí. Ìwọ tí o dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé wá, ẹní ṣì gbà ọ́. Ìtàn obìnrin kan ni mo fẹ́ sọ, obìnrin tí mo fẹ́ràn bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, ará Òkè-Ìrókò. Oyèdìran ni ọkọ rẹ̀, Mosúnmọ́lá sì ni ọmọbìnrin wọn.

Oyèdìran kì í ráhùn. Ẹ̀gún a gún un lẹ́sẹ̀, á ní eèrà ló bu òun jẹ. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí ìtọ̀ rẹ̀ ti ń lọ́ra, á dúró títí kó tó já. Àwẹ̀ró ní káwọn lọ sí ọsibítù. Ó ní, "Àgbà ló ń dé, Ìyá Mosún. Bí a bá ṣe ìtọrọ ọmọ tán, a óò lọ."

Ọjọ́ ìtọrọ pé. Láàárọ̀, Àwẹ̀ró da eérú tuntun síbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé, kí òórùn má baà kí àwọn àna káàbọ̀. Oyèdìran lọ síbẹ̀, ó bọ̀. Ó tún lọ, ó tún bọ̀. Nígbà tí Àwẹ̀ró lọ da omi nù, ó wo ilẹ̀: ipa ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n eérú gbẹ táútáú.

"Bàbá Mosún, ṣé ẹ tọ̀ lónìí?"

"Mo tọ̀."

"Níbo? Eérú mi ò mọ̀ sí i."

"O ti wá di olùṣọ́ ìtọ̀! Mo ti mu omi púpọ̀. Tuntun á ti ti àtijọ́ jáde."

Kí Àwẹ̀ró tó fèsì, ọkọ̀ àwọn àna ti ń fọn fèrè lóde.

Ní Òkè-Ìrókò, bàbá ìyàwó kì í kọ ife tí àna bá gbé fún un. Bó bá kọ̀ ọ́, a jẹ́ pé ó kọ ọkọ ọmọ náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í dárúkọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ìdodo lójú àna. Bàbá Ọdẹ́yẹmí, àgbà ìdílé ọkọ, bu ẹmu. Oyèdìran mu ún. Ó tún bu, Oyèdìran tún mu ún. Òógùn bò ó lójú, ó di apá àga mú. Nígbà tí ife mìíràn dé, ọwọ́ rẹ̀ kò gbéra.

"Àna mi, ṣé ẹmu wa ló kan ni, àbí ọmọ wa ni kò wù yín?"

Oyèdìran kàn tẹ ọwọ́ mọ́ ikùn. Àǹtí ọkọ ìyàwó ti dìde. "Ẹ jẹ́ ká kó ẹrù wa. Ẹni tí kò fẹ́ni kì í fi ẹnu sọ ọ́." Mosúnmọ́lá bú sẹ́kún nínú yàrá.

Ẹ wá wo Àwẹ̀ró o! Ó kúnlẹ̀ láàárín wọn. "Ẹ̀yin àna wa, ẹ foríjì mí, màá sọ ohun tí a kì í sọ. Ọkọ mi ò kọ ọmọ yín. Láti àárọ̀ ni wọn ò ti rí ìtọ̀ tọ̀."

"Àwẹ̀ró! O dójú tì mí!"

"Ẹ kọ́kọ́ wà láàyè ná, Bàbá Mosún, kí ojú tó tì yín."

Àǹtí ní, "Ẹ wá ewé fún wọn, kí wọ́n tún mu omi, kó di àárọ̀."

"Àǹtí, ìtọ̀ tó ń lọ́ra lè dúró de ọ̀la. Èyí tí kò já rárá, tí ikùn ń le, tí ó ń dunni, kò mọ ọ̀la. Omi wo la tún ń dà sínú kèrègbè tí a ti dí lẹ́nu?"

Bàbá Ọdẹ́yẹmí gbé ife sílẹ̀. "Àna mi, láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń tọ̀ lẹ́yìn ilé yín. Ta ló bú mi?" Ni ẹ̀rín bá sọ. Wọ́n já ẹrù ìtọrọ sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, wọ́n fi bàbá ìyàwó rọ́pò rẹ̀.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ki rọ́bà tín-ín-rín sí ojú ìtọ̀ rẹ̀, ìtọ̀ sì ń dà títí ike fi kún. Dókítà ní nǹkan kan ló wú tó dí ọ̀nà ìtọ̀, àwọn á tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n dúró de àárọ̀ ni, kíndìnrín rẹ̀ ìbá bàjẹ́.

Àwọn àna kò lọ. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Oyèdìran la ojú, ó ní, "Ife mi àná ńkọ́?"

"Ó ń dúró dè yín," Bàbá Ọdẹ́yẹmí dáhùn, "ṣùgbọ́n ìyàwó yín la óò kọ́kọ́ bu fún."

Bàbá Ọdẹ́yẹmí dọ̀bálẹ̀ fún Àwẹ̀ró, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀! Lẹ́yìn náà ni àwọn àna wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ ní òwúrọ̀ náà. Láti ọjọ́ náà, bí àgbà bá rí ẹni tó ń pa ìrora mọ́ra, á ní: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.