Ọmọ́tẹ́hìnwá Tún Gba Ife

Láti ìgbà àpọ́n títí ó fi hu ewú, Ọmọ́tẹ́hìnwá ló ń gba ife ìdíje ọkọ̀ wíwà lórí ọ̀sà. Àwọn ọ̀dọ́ a sì ru ọkọ̀ ẹni tó borí délé.

Lọ́dún yìí wọ́n bẹ̀ ẹ́: "Bàbá, ẹ jókòó wòran, kó kàn wá."

Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ lé mi bá ná!"

Ó tún gbégbá orókè. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, etí omi ti dá páropáro. Ló bá gbé ọkọ̀ karí.

Ìyàwó rẹ̀ rí ọkọ̀ tó ń fẹsẹ̀ méjì rìn bọ̀. "Bàbá Ṣèyí, ṣé ẹ̀yin lẹ wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn?"

"Èmi náà ni. Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Wọn ò sọ fún mi pé igbá ẹlòmíràn máa ń gùn tó báyìí!"