Oògùn Tó Lé Olè

"Oògùn tó lé olè, kó bá olè jáde." Bí àwọn àgbà Ìdìgbà bá pa òwe yìí, ńṣe ni àwọn àlejò máa ń wojú ara wọn. Ẹni tó báni lé olè, ṣé kì í ṣe adìyẹ ló yẹ ká pa fún un? Èwo wá ni ká lé e síta?

Awẹ̀ró onírú ló mọ ìdí rẹ̀. Ibà dá Láwuyì ọkọ rẹ̀ wó, wọ́n se àgbo kíkorò fún un, ibà sì lọ. Ṣùgbọ́n Láwuyì ń bẹ̀rù kó má lọ padà wá, ló bá ń mu àgbo nìṣó. Kò pẹ́ tí ọkùnrin tó ń dá odidi iyán jẹ kò lè dá òkèlè kan dúró nínú. Ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí rẹ̀. Awẹ̀ró ti ń rí ara rẹ̀ bí opó.

Àsìkò náà ni irú rẹ̀ bu. Ó ní, "Àgbo tó wo ọkọ mi kò ní ṣàì wo ìkòkò mi." Ó fi àgbo fọ ìkòkò, kò fi omi ṣan án, ó da èso irúgbá tuntun tó ti sè sí i, ó fi ewé bò ó. Nígbà tó ṣí i, irú kò bu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fà, kò ta sánsán. Èso sísè lásán ló ń wò ó lójú. Ó gbé e tọ ìyá ọkọ rẹ̀ lọ.

Ìyá tọ́ ọ wò, ó yínmú. "Kí lo fi fọ ìkòkò?"

"Àgbo ọmọ yín ni, Ìyá."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Awẹ̀ró, ta ló ń bá ọ sọ èso di irú?"

"N ò mọ̀. A kì í rí i."

"A kì í rí i, àmọ́ inú ìkòkò nilé rẹ̀. Àgbo rẹ lé olè tán, ó jókòó, ó lé onílé pẹ̀lú. Ṣé kò sí onílé nínú ikùn ọkọ rẹ ni?"

Awẹ̀ró ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Èmi ni mò ń bu àgbo fún un!"

Ó sáré lọ da ìyókù àgbo sí ààtàn. Bí ìkòkò bá gba ohun tí kò yẹ, eédú ni àwọn onírú Ìdìgbà fi ń fà á jáde. Ó da eédú àti omi sínú ìkòkò. Ìyá náà lọ eédú kúnná, ó pò ó mọ́ omi fún Láwuyì.

"Ìyá, ṣé ààrò ni mí ni?" ni Láwuyì béèrè.

"Gbé e mì, jàre."

Ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń fún un ní omi ògì kíkan díẹ̀díẹ̀, títí àwọn onílé fi padà wọlé. Lọ́jọ́ tí òórùn irú Awẹ̀ró tún gba agboolé kan, Láwuyì fúnra rẹ̀ ló béèrè iyán. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n bu òmíràn wá. Inú Awẹ̀ró dùn débi pé ó gbàgbé láti jẹ tirẹ̀.

Nígbà tí òjò ọdún kejì mú ibà dé, Láwuyì mu àgbo, ara rẹ̀ sì dá. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìyókù lọ sí ààtàn. Ó dà á nù pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, "O káre, o ṣeun. Ṣùgbọ́n oògùn tó lé olè, kó bá olè jáde."