Igbá Ìyàwó Tí Ó Là Lọ́wọ́ Ọnàwùmí

A máa ń sọ pé ojú lọba ara. Ọ̀rọ̀ náà a máa rú ènìyàn lójú, nítorí ọwọ́ ni à ń rí tí ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ní í ro oko, òun ní í bọ́ ẹnu, òun náà ní í bu omi bọ́ ojú ọ̀hún láàárọ̀. Kí ni ojú wá ṣe tí a fi dé e ládé?

Wọ́n ní ọkùnrin kan wà ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, Ọnàwùmí ni orúkọ rẹ̀, igbá ni ó ń fín. Ó mọ iṣẹ́ náà débi pé kì í wo igbá mọ́. Bí ó bá ti ń fi ọ̀bẹ fa ọnà lára rẹ̀, ojú rẹ̀ a wà lójú ọ̀nà, a máa dá àwọn tí ń kọjá lóhùn.

"Ọwọ́ mi ní ojú tirẹ̀," ni ó máa ń wí.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, tí ń bá a ha igbá, ti gbọ́ ọ títí ó fi sú u.

Ní ọjọ́ kan, Ìyá Ìbíyẹmí gbé igbá ńlá kan tí ó ti gbẹ wá. Láti ìgbà tí ó ti wà lórí ìtàkùn ni ó ti yà á sọ́tọ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ọ̀la ni Ìbíyẹmí yóò gbé e lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ sì jókòó dè é.

Àwẹ̀ró ha igbá náà tán, ó na ẹ̀yìn tí ń ro ó. "Bàbá Dèjì, ibi tí igbá yìí fi sùn lélẹ̀ lóko fẹ́lẹ́. Ẹ wò ó níbí."

"Ọwọ́ mi ti gbọ́."

"Ọwọ́ ti lójú, ó tún ti létí," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì jókòó.

Bí ọwọ́ Ọnàwùmí ti ṣe lára igbá àná ni ó ń ṣe lára tòní. Òjéníyì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọjá lọ, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà, nígbà tí ọ̀bẹ dé ibi fẹ́lẹ́ náà. Igbá dún kẹ́. Ó là dé etí.

Ìyá Ìbíyẹmí kò pariwo. Ó fi ìka tọ ibi tí ó là. "Ọmọ mi kò ṣáà ní gbé igbá lílà wọlé ọkọ," ni ó wí. "Ó sì ti rẹ̀ mí, n kò mọ ibi tí n ó ti rí òmíràn."

Àwẹ̀ró wọlé, ó gbé igbá kan jáde, ó nu eruku ara rẹ̀. Èyí tí Ọnàwùmí fín fún un nígbà ìgbéyàwó tiwọn ni. Kò sí ìlà kan tí ó wọ́ lára rẹ̀.

"Ẹ máa gbé e lọ, ìyá. Nígbà tí ó ṣì ń wo iṣẹ́ ni ó ṣe é."

Nígbà tí ìyá náà lọ tán, Àwẹ̀ró gbé igbá lílà síwájú ọkọ rẹ̀. "Tèmi nìyí báyìí. Ẹ bá mi rán an."

Ọnàwùmí lu ihò sí etí ibi tí ó là, ó mú abẹ́rẹ́. Ọwọ́ wá ihò títí, kò rí i. Ó wá tẹ orí ba, ó gbé ojú sún mọ́ igbá. Ojú a kọ́kọ́ débẹ̀, ọwọ́ a sì tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe títí ọrùn fi ń ro ó.

Òjéníyì ń padà bọ̀. "Ọnàwùmí, ta ni ò ń tẹrí ba fún tó báyìí? Ọwọ́ tí ó lójú ńkọ́?"

Kò gbé orí sókè. "Ọba ni. Ìránṣẹ́ ni ọwọ́, ibi tí a bá rán an ni ó ń lọ. Ojú lọba ara."

Àwẹ̀ró fa igbá mìíràn mọ́ra, ó ń ha á.