Ààlè Tí Àwẹ̀ró Pa sí Ojúlé Ìgalà Omi

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀.

Mi ò gbọ́ yín. Ẹni tó bá ti jẹun, kó dáhùn bí ẹni tó jẹun. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Ẹ̀n-ẹ́n. Ààlọ́ mi gbéra, ó ki ẹsẹ̀ bọ irà, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́, ó di ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró ahunní, òun àti Ìgalà Omi.

Ní ayé àtijọ́, ìlú kan wà ní ìhà ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ó jìnnà. Ẹni tó bá gbéra níbí níjọ́ tí a gbin iṣu, a ó ti wa iṣu náà jẹ kó tó débẹ̀. Irà ló yí ìlú náà ká. Omi rẹ̀ ò jìn, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ò nísàlẹ̀. Ewúrẹ́ á kó sí i, kò ní jáde. Ènìyàn á kó sí i, wọn á máa wá a.

Ẹní ni wọ́n ń hun jẹ níbẹ̀. Koríko gígùn tó dára fún ẹní, àárín irà ló wà. Ti etí irà kúrú, kò tó ẹní ọmọ ọwọ́.

Opó ni Àwẹ̀ró. Koríko gígùn yìí ni ọkọ rẹ̀ lọ gé tí kò fi padà wálé. Ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Etí irà ni Àwẹ̀ró ń gé tirẹ̀. Ẹní kékeré, owó kékeré, ẹ̀kọ láìsí ọbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí nǹkan ń pa omi pọ̀ọ̀-pọ̀ọ̀. Ó wò, ó rí ẹranko kan. Ó jọ ìgalà, kì í ṣe ìgalà. Ìwo rẹ̀ lọ́ bí okùn. Pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó yà gbàgà, òun ló fi ń rìn lórí ẹrẹ̀ tí kì í rì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti há sínú ìgèrè apẹja. Àwẹ̀ró fa ọ̀bẹ yọ. Ẹranko náà di ojú, ó rò pé ó tán. Ìgèrè ni Àwẹ̀ró gé.

Ẹranko náà la ojú. Ó ní, "Kí lo wá ṣe nínú irà?"

Àwẹ̀ró ní, "Koríko ni. Àwọn ọmọ mi ń bẹ nílé."

Ó ní, "Tẹ̀lé mi. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni o. Má fẹnu sọ ibi tí mo ń sùn. Má fìka tọ́ka síbẹ̀. Má fi ohunkóhun síbẹ̀, ì báà ṣe ewé kan."

Àwẹ̀ró ní, "Mo gbọ́."

Ìgalà Omi wọ irà, ó ń kọrin lọ. Ẹ gbè é fún mi. "Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́" ni tiyín.

Àwẹ̀ró, ọmọ ahunní,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Ibi mo tẹ̀ ni kó o tẹ̀,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Ọ̀tún ń gbéni mì,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Òsì ń gbéni mì,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Ibi mo tẹ̀ ò lè rì ọ́,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dé àárín irà. Àwẹ̀ró gé koríko tó ga jù ú lọ. Bí ó ti ń rí láràárọ̀ nìyẹn. Ìgalà á kọrin ṣáájú, Àwẹ̀ró á tẹ̀ lé e. Ẹní rẹ̀ gùn, ó fẹ̀, ó ń dán. Ọbẹ̀ dé orí ẹ̀kọ. Ẹran dé inú ọbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí Ìgalà Omi ń sùn. Kò jìnnà rárá. Ihò omi kan ni, lẹ́bàá ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà lọ sóko. Bí ó bá gbúròó ènìyàn, á rì sínú omi, á wá ku ṣóńṣó imú rẹ̀ lókè, bí ewé gbígbẹ. Ihò omi tó wà nínú irà yẹn lé ní igba. Ta ni yóò máa wo ewé? Àwẹ̀ró nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ìbíyẹmí, aládùúgbò Àwẹ̀ró, bi í pé, "Àwẹ̀ró, níbo lo ti ń rí koríko gígùn yìí?"

Àwẹ̀ró ní, "Ọlọ́run ló ń fún mi."

Ìbíyẹmí ní, "Ọlọ́run tèmi ò mọ̀nà irà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sọ.

Ìgbà tó yá, ọdẹ kan dé. Ọdẹ́rìndé lorúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń wá Ìgalà Omi. Irà méje ló ti dé. Wọ́n júwe ilé Àwẹ̀ró fún un.

Ó ní, "Ìyá ẹlẹ́ní, ẹ kú iṣẹ́ o."

"O kú àbọ̀, ọdẹ."

"Wọ́n ní ẹranko kan ń rìn lórí omi níhìn-ín. Níbo ni mo ti lè rí i?"

Àwẹ̀ró ní, "Irà wa? Àkèré ló pọ̀ níbẹ̀. Wàá jẹ àkèré?"

"Màá fún yín ní iyọ̀, odidi àpò kan."

"Ọbẹ̀ mi níyọ̀."

"Ẹ má sọ̀rọ̀, ó dáa. Ẹ ṣáà fìka tọ́ka síbẹ̀."

"Ọwọ́ mi ń hun ẹní. Kò ráyè."

Ẹ ò rí i? Ó ṣe dáadáa. Ẹnu kò sọ, ìka kò tọ́ka.

Ọdẹ́rìndé wọ etí irà ní ọjọ́ kìíní, kò rí i. Ó lọ ní ọjọ́ kejì, kò rí i. Ó lọ ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́. Ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Ilé yá." Ó di ẹrù rẹ̀.

Àwẹ̀ró kò mọ̀ pé ó ti di ẹrù. Jìnnìjìnnì ti mú un. Ó ní, "Ẹ̀gẹ́ lásán, bàbá mi á pààlè sí i, olè kò ní wọ̀ ọ́. Ṣé n ó wá fi ẹni tó ń bọ́ mi sílẹ̀ láìpààlè ni?" Ó rántí ohun tí Ìgalà sọ. Ó rántí rẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Kò mọ ààlè ni. Ẹranko ni."

Ó mú àkísà pupa. Ó mú ìkarahun ìgbín. Ó mú ìgbálẹ̀ tó ti jẹ tán. Ó so wọ́n mọ́ igi gígùn, ó rì í mọ́ etí ihò omi náà ní ọ̀sán gangan. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó lọ sílé, ó ro ọkà.

Ọdẹ́rìndé ń lọ ilé rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹrù lórí. Ó rí pupa nínú irà. Ó dúró.

Ó ní, "Ààlè? Kò sí iṣu níbẹ̀. Kò sí ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Ta ní ń pààlè sí omi lásán?"

Ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó gun òkìtì ọ̀gán kan, ó jókòó, ó tẹjú mọ́ ihò omi kan ṣoṣo náà. Ó wò ó, wò ó, wò ó. Ó rí ewé kan. Ewé náà ń mí.

Ó ní, "Ọmọ tí wọ́n bí dáadáa kì í kọjá ààlè. Ẹsẹ̀ mi kò ní kọjá. Ọfà mi ni yóò kọjá."

Ó ta á.

Igbe ni Àwẹ̀ró gbọ́ nílé. Ó gbé ẹní tó ń hun lọ́wọ́ mọ́ra, ó sáré. Omi ti pọ́n. Ìgalà Omi dìde, ó wò ó lójú.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, ẹnu rẹ kò sọ. Ìka rẹ kò tọ́ka. Ta ló wá gbé ìgbálẹ̀ sójúlé mi?"

Ìgalà yí padà, ó wọ àárín irà lọ tòun tọfà. Kò kọrin. Ọdẹ́rìndé bẹ́ sí omi láti lé e. Ẹsẹ̀ kan, ó rì dé orúnkún. Ẹsẹ̀ kejì, ó rì dé ìdí. Ó kígbe.

Àwẹ̀ró ì bá fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ọkọ rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní sórí ẹrẹ̀. Ó ní, "Dojú bolẹ̀! Má tàpá, òpònú! Máa wọ́ bọ̀!"

Ó wọ́ bọ̀, ó gúnlẹ̀. Ó pàdánù ọrun rẹ̀, ó pàdánù bàtà, kò rí ẹran. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n mo ti di ẹrù mi o. Ilé ni mò ń lọ. Ẹ̀yin lẹ fi í hàn mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àwẹ̀ró lára ju ọfà lọ.

Ẹsẹ̀ Ìgalà ló ń jẹ́ kí ọ̀nà irà ṣí. Kí oṣù tó lé, ọ̀nà ti dí. Àwẹ̀ró padà sí koríko kúkúrú, ẹní kékeré, ẹ̀kọ láìsí ọbẹ̀. Bí àlejò bá dé tó bi í pé níbo ni òun ti lè rí Ìgalà Omi, kì í fi pamọ́ mọ́. Á fẹnu sọ ọ́. Á fìka tọ́ka. "Ihò omi ọ̀hún nìyẹn." Àlejò á wò, á rí omi, á rí ewé. Ewé tó wà níbẹ̀, ewé ni.

Láràárọ̀ ló ń lọ dúró létí irà. Á máa kọrin náà. Ẹ má gbè é o. Ẹ pa ẹnu mọ́.

Ìgalà Omi, èmi Àwẹ̀ró ni,
. . .
Ibi o tẹ̀ ni n ó tẹ̀,
. . .
Mo ti hú ìgbálẹ̀ náà,
. . .

Ẹ ò gbè é. Bó ṣe rí fún un nìyẹn.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ń ṣọ́, a kì í yan olùṣọ́ mìíràn tì í. Ẹni tí wọ́n ní kó má ṣe ohun mẹ́ta, tó wá ṣe ẹyọ kan, ó ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ sì fetí sí ẹni tó mọ ilé rẹ̀ jù yín lọ, ì báà jẹ́ ẹranko.

Etí omi ni ààlọ́ mi já sí, ibẹ̀ ni mo fi í sí. Ẹ dìde, ẹ ká ẹní. Ẹ rọra ká a. Irú rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́.