Ìdí Tí Ikùn Ẹlẹ́dẹ̀ Fi Ń Wọ́ Nílẹ̀

Nígbà láéláé, kí ikùn tó di ẹrù fún Ẹlẹ́dẹ̀, ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ, òótọ́ ni mò ń sọ. Kò sí abo ẹranko kankan nínú igbó tó lè fò bíi tirẹ̀.

Odò kan wà nínú igbó náà tí wọ́n ń pè ní Eléwé. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, gbogbo abo ẹranko á péjọ sí etí odò yìí láti fò ó. Ẹni tí fífò rẹ̀ bá jìnnà jù ni wọ́n á fi jẹ Ìyá Odò. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò máa kọ́kọ́ mu omi láràárọ̀, kí ẹsẹ̀ àwọn yòókù tó dà á rú. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Ẹlẹ́dẹ̀ ti wà lórí oyè yìí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í kúrò níbẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Ẹtu bí ọmọ kan. Nígbà tó pé oṣù kan, Ẹlẹ́dẹ̀ náà bí. Ọmọ mẹ́sàn-án ló bí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!

Ìyá Ọ̀bọ ló ń gbẹ̀bí fún gbogbo wọn, nítorí òun nìkan ló ní ọwọ́ tó lè ta kókó. Bí abo ẹranko kan bá ti bímọ, Ìyá Ọ̀bọ á fi omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀, á fi ọ̀já dì í, á sì ta kókó mẹ́jọ sí ọ̀já náà. Tó bá ti di ọjọ́ márùn-ún, á wá tú kókó kan. Tó bá tún di ọjọ́ márùn-ún, á tú òmíràn.

"Kí n tó tú èyí àkọ́kọ́," ló wí fún Ẹlẹ́dẹ̀, "má ṣe ju kí o dùbúlẹ̀, kí o máa mí dáadáa, kí o sì máa fa ikùn wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá tú u, wàá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá tú èkejì, wàá rìn dé ìdí ọ̀pẹ yẹn. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ń wá, tàbí tí ibì kan bá ń dùn ọ́, padà wọlé kí o ránṣẹ́ pè mí. Ìgbà tí ẹ̀kẹjọ bá tú la ó sọ̀rọ̀ eré sísá. Ti fífò ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn."

"Ìyá, ọjọ́ fífo odò wá ńkọ́?"

"Ọmọ mẹ́sàn-án ló ti inú rẹ jáde, ọmọ mi. Odò yóò wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ Ẹlẹ́dẹ̀ létí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejìlá, nígbà tí kókó méjì péré ti tú, ó dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo ọmọ rẹ̀ so mọ́ ọn lọ́mú. Kí ló rí? Ẹtu ni, tó ń sáré kọjá, tí kò sí ọ̀já kankan níkùn rẹ̀ mọ́.

"Ẹ kú ọwọ́ lómi o, Ìyá Odò!" Ẹtu kí i. "Ṣé ara ti ń le?"

"A dúpẹ́," ni Ẹlẹ́dẹ̀ fèsì. Ètè lásán ló fi dúpẹ́.

Ìmàdò ọkọ rẹ̀ gbójú sókè. "Ẹtu mà ti ń sáré o! Àfi bí ẹni tí kò bímọ."

Kò ní ohun burúkú lọ́kàn. Ohun tó rí ló sọ, bí àwọn ọkọ ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dẹ̀ kò lè jẹun mọ́ ní ọjọ́ náà.

Ìlara mú un gidi. Ó wo ìbàdí Ẹtu títí ó fi wọ inú igbó, ó wá wo ikùn ara rẹ̀ tó rọ̀ jọ̀bọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí Ẹtu fi ń fi ara ti igi rìn, oyún kò jẹ́ kí Ẹlẹ́dẹ̀ jáde nílé. Kò rí ìyẹn. Eré tí Ẹtu ń sá lónìí nìkan ló rí.

"Mo ti mọ̀," ló ń sọ nínú ara rẹ̀. "Ìyá Ọ̀bọ fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ. Bóyá kókó méjì ló ta fún un, ó wá fi mẹ́jọ so mí mọ́lẹ̀. Oyè mi ni wọ́n fẹ́ gbà."

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá. Gbogbo igbó ń lọ sí odò. Ẹlẹ́dẹ̀ kò ní ọwọ́ tó lè tú kókó, ṣùgbọ́n ó ní eyín. Ó tẹ orí ba, ó fi eyín já kókó mẹ́fà tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀já sì bọ́ sílẹ̀.

Bó ti dìde, nǹkan fà á nísàlẹ̀ ikùn. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dá tẹ́lẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó rí i. Ó gbójú kúrò níbẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà tó dé odò, Àgbọ̀nrín ṣẹ̀ṣẹ̀ fò tirẹ̀ tán ni, ó sì jìnnà díẹ̀. Ẹtu dúró sí etí omi, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ rò pé Ẹtu ló kàn láti fò. Ó fi eré bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ gìdìgìdì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò o!" Ẹtu kígbe. "Ọ̀já yín dà?"

Ẹlẹ́dẹ̀ ti fò. Kò dé ìdajì odò tí ohun tí kò tíì le nínú ikùn rẹ̀ fi dẹ̀, tí gbogbo ikùn náà sì já wálẹ̀. Ó ṣubú gbàgà sínú ẹrẹ̀. Ìwúwo ikùn náà tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi kúrú.

Ẹtu ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ìwọ kò fò?" Ẹlẹ́dẹ̀ bi í. Omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Èmi ha lè fò? Ìran ni mo wá wò. Ìjẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ eré, Ìyá Ọ̀bọ ní ti fífò di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bí mo bá fẹ́ sín, mo ní láti fara ti igi."

"Kókó mélòó ló ta fún ọ?"

"Mẹ́jọ ni. Ọmọ kan péré ni mo bí, mẹ́jọ náà ló ta."

"O kò sọ fún mi!"

"Ẹ kò bi mí," ni Ẹtu wí.

Ìyá Ọ̀bọ sáré mú ọ̀já tuntun wá. Ó dì í lọ́tùn-ún, ó dì í lósì, ikùn ń yọ̀ bọ́ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi ọ̀já náà sílẹ̀, ó jókòó, ó sì sunkún. Àgbọ̀nrín ni wọ́n fi jẹ Ìyá Odò ní ọjọ́ náà.

Láti ọjọ́ náà ni ikùn Ẹlẹ́dẹ̀ ti ń wọ́ nílẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń mu omi tí ẹlòmíràn ti dà rú. Bó bá bímọ báyìí, á fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á nà gbọọrọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kó dìde kí àkókò tó tó. Ó ti kọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ohun tó ní ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ bá sáré kọjá níwájú rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa: á la ojú kan, á fi tẹ̀ lé e títí yóò fi wọ igbó, á wá sọ pé, "Hùn-ùn."