Àkọ̀ Tí Ìnàkí Mú Wá fún Ọ̀bẹ Ìlú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò sókè, kò balẹ̀ sórí ọlọ́gbọ́n kankan. Orí Ìnàkí ló bà lé, nígbà tó ṣì ní ìrù gígùn tó fi ń yangàn.

Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ni àwọn ẹranko ní. Kò ní àkọ̀, ó sì ti ya ọmọ Àgbọ̀nrín lẹ́sẹ̀. Erin, olórí wọn, wá kéde pé ẹni tó bá rán àkọ̀ fún un ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, òun ni yóò sì máa kọ́kọ́ gé nínú afárá oyin.

Oyin! Itọ́ kún ẹnu Ìnàkí. Ṣé ó mọ iṣẹ́ awọ ni? Rárá o. Ilé Òkété ló gbà lọ.

Òkété ti ṣa àpò awọ kan tí ọdẹ sọ nù. Ó rẹ ẹ́ sómi títí ó fi rọ̀, ó gé e sí méjì, ó fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín níbi tí ẹnu ọ̀bẹ yóò máa gbé. Ó fi eyín lu ihò, ó sì ń rán an.

"Ìyá Òkété, ẹ kú iṣẹ́. Pàǹtírí wo lẹ tún ṣà?"

"Èyí tí kò kàn ọ́ ni. Máa lọ."

Òkété rán an tán, ó sá a sóòrùn, ó wọlé. Ìnàkí gbé e, ó di inú igbó.

Kí wọ́n má baà dá àkọ̀ náà mọ̀, ó tú u. Ó rí awọ àárín, ó bú sẹ́rìn-ín. "Arúgbó ẹlẹ́tàn! Ó fi ìdọ̀tí dí i nínú kó lè nípọn!"

Ẹ gbọ́ o. Olè ń pe ẹlòmíì ní ẹlẹ́tàn.

Ó sọ awọ àárín náà nù, ó tún àkọ̀ rán. Ihò ti wà nílẹ̀. Ó kàn ń ti òwú bọ̀ ọ́ ni.

Nígbà tí Ìnàkí gbé àkọ̀ dé iwájú Erin, Òkété figbe ta: "Bàbá Erin, èmi ni mo ni awọ yẹn!"

"Àmì wo lẹ fi sí i?" Ìnàkí bi í.

"Awọ kan wà láàárín."

Erin yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí nǹkan kan. Gbogbo ẹranko fi Òkété rẹ́rìn-ín. Òkété tẹjú mọ́ ojú rírán náà, ó ní, "Ó dáa. Kì í ṣe tèmi mọ́."

Ìnàkí ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ìbàdí, gẹ́gẹ́ bí akọni. Ó gbé orin:

Mo fa òwú, ó le!
*Àkọ̀ rèǹtè!*
Mo rán awọ, ó gún!
*Àkọ̀ rèǹtè!*
Ta ló tún mọ̀ ọ́n ṣe?
*Àkọ̀ rèǹtè!*

Ó ń jó, ó ń gbọn ìdí. Kò sí awọ àárín tí yóò dáàbò bo òwú mọ́, ẹnu ọ̀bẹ ń gé e, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Àkọ̀ là gbàràgàdà. Ọ̀bẹ já wálẹ̀, ó gé ìrù Ìnàkí kúrò nídìí.

"Yéè! Ẹ gbà mí!"

"Ìwọ oníṣẹ́ ọnà," ni Òkété wí, "rán ìrù náà padà mọ́ ìdí rẹ, a ń wò ọ́."

Ọ̀dọ̀ Òkété ni ọ̀bẹ wà láti ọjọ́ náà. Ìnàkí ò sì ní ìrù títí dòní. Ẹ bi í, yóò ní òun ló dìídì gé e.

Ibi tí àlọ́ mi sinmi sí nìyẹn. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ohùn mi há lálẹ́ yìí. Ẹ gbọ́ ọ: kò há.