Irú Gba Ibùsùn Baálé

Ibi tí ayé bá bá ni, ibẹ̀ la ti ń jẹ ẹ́. Ẹ bi Láóyè léèrè.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Irú tí Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀, dì sínú igbá kọ̀, kò rùn rárá, bẹ́ẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wá tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò.

Ìbídùn ní, "Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ló ń sọ ọ́ di irú. Bí òtútù bá kan ọ̀kan, á ta èkejì lólobó, gbogbo wọn á káwọ́ gbera."

Ló bá gbé igbá sórí ibùsùn, ó fi kúbùsù ọkọ rẹ̀ bò ó.

"Èmi ńkọ́?"

"Olówó orí mi, ẹ lọ tẹ́ní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò."

Láóyè ká ẹní rẹ̀ bí ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè.

Kò pẹ́ tí àwọn kòkòrò fi gbọ́ pé ooru dé. Wọ́n ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, òórùn irú gba ilé kan. Ìyá ọkọ dé, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó lá gbogbo ìka.

"Ìyàwó wa, o ṣeun! Láóyè, ó yá, padà sórí ibùsùn rẹ."

Láóyè ń họ eérú kúrò lára iṣu tó sun sínú ààrò. Ooru ti mú ara rẹ̀ dán.

Ó ní, "Ìbídùn, ìgbà wo lo tún máa se irú?"